Ẹnikẹ́ni Ò Wo Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Búrékì

Ọ̀gá Búrékì ti kú. Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló kú sí, ní òwúrọ̀ kan tí oòrùn mú dáadáa, ó kọjú sí mọ́tò rẹ̀ tó wà níta. Mọ́tò ò gbá a, ẹnikẹ́ni ò sì lù ú. Ó ṣíwọ́ oúnjẹ, ó ṣíwọ́ omi, ó ṣíwọ́ ọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ń gbẹ lójú wa títí èémí fi bọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, di ife tíì mú níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà fi kan ètè. Ó bẹ̀ ẹ́ pẹ́ kó tó mọ̀ pé òkú lòun ń bẹ̀.

Ọsibítù rán aṣojú wá kí wa. Ọkùnrin náà wọ kóòtù tó mọ́ tónítóní, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fajú ro níwájú opó. Ó ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá. A ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe. A fún bàbá ní iná, a tún un fún wọn. Ọpọlọ wọn ló kọ ìtọ́jú.”

Ọpọlọ wọn ló kọ ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Òkú ò lè fèsì, ni wọ́n bá di ẹ̀bi rù ú. Mo pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ẹ̀gbọ́n mi, torí ilé ọ̀fọ̀ la wà. Lónìí, inú ìwé ìròyìn la wà, ojú ewé tèmi sì nìyí, kò sẹ́ni tó lè ní kí n dákẹ́ níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ìdajì àwọn tó ń fún fèrè lójú títì wa, òun ló kọ́ wọn, ìdajì tó kù ni kò kọ́, ẹ sì mọ̀ wọ́n bí ẹ bá rí wọn. Mọ́tò rẹ̀ ní búrékì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ níbi tó jókòó sí. Bí jìnnìjìnnì bá ti ń mú ẹ, á ní, “Fọkàn balẹ̀, búrékì wà lọ́dọ̀ mi.” Èmi náà kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wà á lọ kojú òpó iná lọ́jọ́ kan, ó ku díẹ̀ ká gbá a, ló bá tẹ búrékì tirẹ̀. Kò pariwo. Ó wò mí, ó wo òpó, ó ní, “Àbúrò, àbí ẹ ti mọra tẹ́lẹ̀ ni?”

Ohun tí gbogbo wa máa ń dúró dè ni ọjọ́ tó máa bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó máa ká ẹsẹ̀ yẹn kọ́ orí orúnkún kejì. Kò ní sọ nǹkan kan. Wàá kàn ṣèèṣì bojú wolẹ̀, wàá rí i pé ẹsẹ̀ Ọ̀gá Búrékì ti kúrò lórí búrékì, ìgbà yẹn ni wàá mọ̀ pé ìwọ gan-an lò ń wa mọ́tò. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó dá mọ́tò dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó bú sẹ́kún nígbà tó rí ẹsẹ̀ yẹn lórí orúnkún.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá a pàdé. Ó kọ́ mọ́tò, kò mọ̀ ọ́n; ó tún kọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ìyá wa ní irú ọmọ wo lòun bí yìí, tí orí rẹ̀ le tó báyìí. Ìgbà tí a fi máa gbọ́, wọ́n ti fẹ́ra wọn sọ́nà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó délé ọkọ, ó já kọ́kọ́rọ́ gbà, ó wa mọ́tò jáde bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. A bi í léèrè, ó ní bóun bá tètè mọ̀ ọ́n, kí lòun ì bá máa bá lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹni tí mo ń sọ nìyí. Ẹ má jẹ́ kí kóòtù tó mọ́ sọ ọ́ di ọpọlọ tó kọ ìtọ́jú.

Àìsàn tó mú un, ìsoríkọ́ ni, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́ tí èèyàn ń fi àwàdà lé lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé, ọjọ́ ti pẹ́, ọkùnrin yẹn jókòó kò dìde mọ́. Ó ní òun ti pa èèyàn. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ òun kan ń lọ kọ lu obìnrin kan, òun ò sì tẹ búrékì lásìkò. Kò sí obìnrin kankan o. Kò sí ìjàǹbá kankan. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, ó kó wọn wá sílé, wọ́n ń sọ fún un níkọ̀ọ̀kan pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Á wò wọ́n, omi á máa dà lójú rẹ̀, á ní àánú òun ló ń ṣe wọ́n. Ó ní irú òun kò yẹ lẹ́ni tó ń jẹun. Ó sì dẹ́kun oúnjẹ lóòótọ́.

Ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní iná mànàmáná ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan lára yín ti ń yọ ojú báyìí. Èmi náà yọ ojú nígbà yẹn. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ yan bọ̀dá wa ni? Dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Àgbà, ló fi wá jókòó. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́ ìsùn, kò ní mọ nǹkan kan. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan, kó má baà fara ṣèṣe. Wọ́n á wá fi iná díẹ̀ kan orí rẹ̀, gìrì á sì mú un fún ìwọ̀nba ìgbà, yóò dáwọ́ dúró.

Ó ní, “Ẹ fetí sí mi dáadáa, màmá. Iná kọ́ ni ìtọ́jú. Gìrì yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Iná kàn ń kan ilẹ̀kùn ni. Bí gìrì ò bá mú un, tàbí tó mú un tí kò tó nǹkan, a ò tíì ṣe nǹkan kan.”

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé bí wọ́n bá ti fi oògùn dẹ gbogbo ara rẹ̀, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé gìrì ti mú un? Dókítà Àgbà ní ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ó ní àwọn máa ń mú rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn á fi di ẹsẹ̀ kan pinpin lókè ọrùn ẹsẹ̀, kí oògùn tó ń dẹ iṣan má baà dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo ara á sùn, ẹsẹ̀ yẹn nìkan lá máa mì. Ẹsẹ̀ yẹn làwọn máa ń wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n dì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹsẹ̀ búrékì nìyẹn,” ni dókítà bá rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, Dókítà Àgbà á fúnra rẹ̀ jáde wá bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì níta. Á ní, “Ẹsẹ̀ náà mì dáadáa.” Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ẹsẹ̀ náà ò mì tó lónìí, mo ti gbé iná sókè díẹ̀, mo sì tún un ṣe.” Báyìí ló ṣe, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a wọlé tí bọ̀dá wa dúró lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù, ó ń wo ìta, ojú rẹ̀ le. Ó ní, “Ta ló gbé mọ́tò mi síbẹ̀ yẹn? Olúwarẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé mọ́tò sílẹ̀.” Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi fi gèlè nu ojú àwa méjèèjì. Ọkùnrin yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ yín ní mọ́tò.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi yìí sọ pé iná burú. Iná yẹn ló dá a padà fún wa. Ohun tí mò ń bá jà ni bí wọ́n ṣe sọ ohun tó ń gba èèyàn là di ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Àìsàn náà tún padà wá. Obìnrin tí kò sí náà tún kú lójú títì. Ọ̀gá Búrékì tún jókòó. Ẹ̀rù ò ba ẹ̀gbọ́n mi púpọ̀, torí ó mọ ọ̀nà. Ó gbé e lọ sí ọsibítù kan náà, wọ́ọ̀dù kan náà. Dókítà Àgbà ti fẹ̀yìn tì. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa jáde wá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un.

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jáde á ní, “Màmá, a ti fún wọn ní iná,” á sì kọjá lọ. Ó bi wọ́n pé, “Ṣé ẹsẹ̀ wọn mì?” Wọ́n wò ó bí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé nǹkan ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, bí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ jáde, á ti làágùn, ojú rẹ̀ á dàrú, kò ní tètè mọ ibi tó wà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń jí bí ẹni tó rẹjú lọ́sàn-án. Wọ́n ní ara tó gba ìtọ́jú dáadáa nìyẹn. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, ọkùnrin náà ò mira. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò gbọ́ ìtọ́jú, kó máa lọ sílé. Ilé ló wá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sílé Dókítà Àgbà. Mo bá a níbi tó ti ń bomi rin òdòdó lẹ́yìnkùlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé omi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n ń nu awọ orí rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ irin mọ́ ọn, torí ọ̀rá àti òógùn máa ń dí iná lọ́nà? Ṣé wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́ dáadáa kí iná tó dé? Ṣé abẹ́rẹ́ ìsùn ò pọ̀ jù? Ṣé wọ́n ń gbé iná sókè bí ìtọ́jú ṣe ń tẹ̀ síwájú? Ó ní ọpọlọ àgbà ọkùnrin kì í tètè gba gìrì bíi ti ọ̀dọ́, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é léraléra ló máa ń le sí i.

Ó wá ní, “Ṣé wọ́n ń fún un ní oògùn kankan ní ìrọ̀lẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, hóró kékeré kan, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń gbà á. Mo sọ bó ṣe rí fún un. Ó wá ibì kan jókòó sí.

Ó ní, “Oògùn yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá gìrì dúró. Òun kan náà la máa ń gún fún ọmọ kékeré tí gìrì bá mú.”

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé olúkúlùkù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí gìrì mú un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi tí gìrì ti gbọ́dọ̀ mú un kó tó yè. Ẹsẹ̀ kan lórí tọ́tù, ẹsẹ̀ kan lórí búrékì, wọ́n wá ń bínú sí mọ́tò pé kò lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ èèyàn pé ìgbà kan ń bẹ tó yẹ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrékì, òun ni wọ́n ṣe èyí fún.

Mo gba wọ́ọ̀dù náà lọ. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ títí dé ojú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oògùn wọ́ọ̀dù ni à ń pè é. A bá a bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń kù pẹ̀lú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ń pariwo, tí ìkejì fẹ́ jáde, tí ẹ̀kẹta ṣubú, ẹsẹ̀ mélòó ni mo ní?” Mo bi í bóyá àwọn tó ń fi iná tọ́jú èèyàn mọ̀ nípa oògùn yìí. Ó ní ilé mìíràn ni wọ́n wà, wọn ò bi òun rí. Oògùn wọ́ọ̀dù. Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ yẹn? Wọ́ọ̀dù ló ń ṣàìsàn, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ń bá a lo oògùn.

Mo kọjá sí ilé kejì. Ọ̀gá tó ń bójú tó iyàrá iná gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó mú mi yíká. Iyàrá náà mọ́, ó ń ta sánsán. Ó fi ẹ̀rọ hàn mí. Mo rí i pé wọ́n ti fi pílásítà lẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé iná sókè mọ́ ojú kan. Mo bi í pé kí lèyí. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè mi. Ó ní dókítà kan tó ń kọ́ṣẹ́ ti gbé e sókè jù rí, àwọn wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dáa, kò sẹ́ni tó lè yí i mọ́. Mo ní ṣé iye kan náà lọ̀dọ́ àti àgbà ń gbà? Ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àṣìṣe wáyé.

Mo ní rọ́bà tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ dà? Ó ní, “Áà, ìyẹn. Àwọn wọ́ọ̀dù aláboyún yá a.” Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé gìrì mú èèyàn. Ó ní bí iná bá ti wọlé, a gbà pé gìrì ti mú un.

A gbà pé. Ọmọ tó bá wá kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Búrékì tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ́ńjìnnì ò jí, tó wá ní òun gbà pé ó ti jí, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín lá pa bọ̀dá wa títí wọ́n á fi délé? Níbí, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò jí, wọ́n gbà pé mọ́tò ti dé ibi tó ń lọ, nígbà tí kò dé, wọ́n ní mọ́tò ló bàjẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Dókítà Àgbà, mo bi í ní ìbéèrè tó le jù lọ. Mo ní bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ṣé bọ̀dá wa ì bá yè? Ó ní, “Mi ò lè búra. Àwọn kan wà tí kì í gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti bàbá yìí, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dán an wò.” Mo gba òótọ́ yẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un. Kí ọsibítù náà gba òótọ́ tó kàn án. Ọpọlọ ọkùnrin yìí ò kọ ìtọ́jú. Wọn ò fún un ní ìtọ́jú tó máa kọ̀.

Ta ló jẹ̀bi, kẹ́ ẹ sọ fún mi? Nọ́ọ̀sì ní wọ́n bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá iyàrá iná ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń fún un ní wọ́ọ̀dù. Dókítà tó kọ̀wé pé kó máa lọ sílé ní òun gba ohun tí iyàrá iná sọ gbọ́. Olórí ọsibítù ní òun ò lè máa wo ẹsẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn mọ́ bíi kóòtù aṣojú wọn. Ṣé àárín ilé méjèèjì, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tì í gbà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ni ọkùnrin náà kú sí ni? Ọsibítù tó lówó ẹ̀rọ kò rí rọ́bà kan rà? Ilé méjèèjì dojú kọra wọn débi pé mo gbọ́ ẹni tó wúkọ́ ní ọ̀kan láti inú èkejì, ẹnì kan ò sì lè ṣí fèrèsé kó bèèrè pé kí lẹ fún bàbá yìí lánàá?

Mo fẹ́ kí olórí ọsibítù wá sílé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, kó má rán kóòtù, kó jókòó níwájú àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, kó kó ọ̀rọ̀ tí aṣojú rẹ̀ sọ nípa ọpọlọ òkú jẹ. Mo fẹ́ kó sọ ní gbangba ẹni tó ní kí wọ́n máa fún gbogbo wọ́ọ̀dù ní oògùn kan náà, àti ẹni tó rí i tó dákẹ́. Ẹni tó yẹ kó bèèrè tí kò bèèrè, kó ní orúkọ, kó sì dáhùn níwájú àwọn tó gbà á síṣẹ́. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n ṣí pílásítà kúrò lára bọ́tìnnì. Bí ojú ò bá tì wọ́n tó láti ra rọ́bà, èmi á bá wọn rà á, mo ṣe tán.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí wọ́ọ̀dù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ kó bàtà ọkọ rẹ̀ tó gbàgbé síbẹ̀. Ọkùnrin mìíràn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ń ká ọwọ́ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, bàtà lórí itan. Ó bi í pé kí ni wọ́n sọ fún un. Ọmọbìnrin náà ní wọ́n ní àwọn ti fún ọkọ òun ní iná.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò mi, má bi wọ́n ní ti iná mọ́. Bi wọ́n ohun tó gbé mì ní ìrọ̀lẹ́. Bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mì.”

Ọmọbìnrin náà á bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá tún máa gbé ọkọ rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èmi á wà ní ọwọ́ òsì. Mọ́tò Ọ̀gá Búrékì la máa gbé lọ, a ó sì gbé e sójú fèrèsé yín gan-an, ẹ̀yin ará ọsibítù. Ẹ wá èsì sílẹ̀.